Fọ́ọ̀mù tí mo fi parọ́ pé Yorùbá là ń sọ nílé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu mi kí ẹ tó bú mi. Ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun láti ọdún mẹ́ta. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni àfi ọkọ mi, òun náà sì ní kí n má fi orúkọ òun sí i. Mò ń sọ ọ́ báyìí nítorí fọ́ọ̀mù kan tó wà lára fíríìjì wa, tí mo gbọ́dọ̀ dá padà lọ́jọ́ Jímọ̀.

Thamesmead ní London là ń gbé. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni mo bí, Fàrídà lorúkọ rẹ̀. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rin, mo mú un lọ sí ilé-ìwé kékeré kan tí kò jìnnà sí wa. Ilé-ìwé náà ò lérò mọ́, owó ilé ti lé ọ̀pọ̀ òbí kúrò ní London lọ sí Kent. Iye ọmọ ni ìjọba sì ń wò kó tó fún wọn lówó, nítorí náà tayọ̀tayọ̀ ni wọ́n fi gbà wá.

Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù. Ó béèrè èdè tí à ń sọ nílé. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé Gẹ̀ẹ́sì là ń bá Fàrídà sọ. Bí mo bá ti ibi tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó dé, ó máa ń rẹ̀ mí, Gẹ̀ẹ́sì ló sì yá ọmọ lẹ́nu. Àfi bí inú bá bí mi ni mo máa ń sọ Yorùbá sí i.

Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sẹ́nu kántà ni Auntie Bísí, akọ̀wé ilé-ìwé, ọmọ Ìjẹ̀bú bíi tèmi. Ó na ọrùn, ó ń wo bírò mi. Ó ní, "Àwọn ìyá tí ọmọ wọn ò gbọ́ Yorùbá rárá, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sùn. It's a shame, jàre."

Ojú tì mí. Mo kọ Yorùbá. Níbi tí wọ́n ti béèrè bóyá ọmọ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, mo kọ ọ́ pé díẹ̀ ni. Auntie Bísí rẹ́rìn-ín, ó ní ilé ire ni mo ti wá.

Mo rò pé ibẹ̀ ló parí sí. N kò mọ̀ pé ìjọba ń fi owó díẹ̀ kún ti ilé-ìwé fún ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àti pé kíláàsì kan wà fún irú wọn, tí àyè ibẹ̀ ò ju ti ọmọ mẹ́jọ lọ. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ojú ń ti Fàrídà, kò la ẹnu rárá. Wọ́n ṣàánú rẹ̀, wọ́n fún un ní àyè kan. Wọ́n ń fi àwòrán ife àti bàtà hàn án, wọ́n sì ń fún un ní bisikíìtì.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Actually, I prefer the chocolate ones." Díẹ̀ ló kù kí olùkọ́ sunkún ayọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà yẹn ló yẹ kí n jẹ́wọ́. N kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí èsì ìdánwò jáde, Fàrídà ta gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ nínú ìwé kíkà. Ọ̀gá ilé-ìwé kọ̀wé sí káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wa, pé kí wọ́n wo ọmọ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tẹ́lẹ̀, kí wọ́n má gé owó kíláàsì náà. Káńsù gbà. Wọ́n ní kí Fàrídà dúró síbẹ̀, pé ohun tó ń lọ dáadáa kì í ṣe ohun tí à ń dá dúró. Wọ́n tún ní kí n wá sọ fún àwọn òbí yòókù bí mo ṣe ṣe é. Mo dìde, mo ní sùúrù ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, ti Auntie Bísí ló sì dún jù.

Nígbà tí wọ́n wọlé lọ́dún yìí ni Kúdí dé. Abúlé kan lẹ́yìn Ìbàdàn ló ti wá, lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ọmọ ọdún méje ni, bíi Fàrídà, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ò sì ju "good morning" lọ. Àyè mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ti kún. Olùkọ́ ní kò burú, Fàrídà gbọ́ Yorùbá, kó máa ṣe ògbufọ̀ fún un.

Gbogbo Yorùbá tí Fàrídà gbọ́ kò ju èyí tí mo fi ń bá a wí lọ. Ó kọjú sí Kúdí níwájú gbogbo kíláàsì, ó sì fi ohùn mi gan-an sọ ọ́: "Dákẹ́. Jókòó. Màá gbá ẹ létí."

Kúdí bú sẹ́kún.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìyá rẹ̀ dúró sẹ́nu géètì, ó ń béèrè ọmọ tó fẹ́ gbá ọmọ òun létí. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní eré ni. Ó wò mí títí, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ohun tí òun náà máa ń sọ nílé nìyẹn. Láti ọjọ́ náà la ti jọ ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin ní Abbey Wood.

Kúdí náà ò bínú. Ó rí i pé ọmọ yìí ò gbọ́ nǹkan kan, ló bá sọ ara rẹ̀ di olùkọ́. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, Fàrídà kúnlẹ̀ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Tíì dà sí mi lára. Bàbá rẹ̀ yọ orí láti bàlùwẹ̀, ó ní ta ló wá kí wa.

Inú mi dùn, mo sì sunkún. Kúdí tó kọ́ ọmọ mi, òun fúnra rẹ̀ kò tíì lè kàwé. Olùkọ́ ní bí ẹnì kan bá kúrò nínú àwọn mẹ́jọ, òun ló kàn. Ìyá rẹ̀ sọ fún mi nínú bọ́ọ̀sì, ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní kí Ọlọ́run bá òun ṣí àyè kan. Mo ṣe àmín. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ṣe àmín sí àdúrà tí èmi fúnra mi dí lọ́nà.

Fọ́ọ̀mù tuntun ti dé báyìí, ìbéèrè kan náà ló wà nínú rẹ̀. Bí mo bá jẹ́wọ́, Kúdí lè rí àyè. Ṣùgbọ́n káńsù lè ní irọ́ ni ilé-ìwé fi gba owó, kí wọ́n ti kíláàsì náà pa, kí Kúdí má sì rí nǹkan kan. Bí mo bá dákẹ́, bisikíìtì ọmọ ọlọ́mọ ni ọmọ mi ń jẹ. Ká má tíì wá sọ ojú tí Auntie Bísí máa fi wò mí.

Lánàá, Fàrídà já fọ́ọ̀mù náà kúrò lára fíríìjì, ó kà á fúnra rẹ̀. Ó ní, "Mummy, Yorùbá ni kí ẹ kọ. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé Kúdí ló kọ́ mi."

 Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ dárí jì mí, kí ẹ sì gbà mí nímọ̀ràn kó tó di ọjọ́ Jímọ̀. Ìlà kan péré ni wọ́n fi sílẹ̀ fún mi láti kọ ọ́.