Àwòrán Tí Wọ́n Fọ̀ ní Ṣàngó

Ojú mi méjèèjì yìí ló rí i, ojú tí kì í tàn mí, ní ṣọ́ọ̀bù bàbá kan tó ń kan férémù ní Ṣàngó. Obìnrin ayàwòrán kan wá gba àwòrán tó gbé wá fún férémù.

"Àǹtí, mo ti bá yín fọ̀ ọ́. Ẹrẹ̀, eruku, ewé gbígbẹ àti òwú àràbà ló bò ó."

"Ẹ ṣe kí ni? Bàbá, ẹrẹ̀ yẹn lòjò! Eruku yẹn lọyẹ́! Ọdún kan gbáko ni mo fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀dà!"

"Háà! Mo rò pé ìta lẹ gbàgbé ẹ sí ni. Ẹ wò ó, ó ti ń dán."

"Ó ń dán! Ọ̀la la fẹ́ pàtẹ ẹ̀!"

Ẹrẹ̀ yẹn lòjò. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀bù.

Èmi fúnra mi ni mo ka ohun tó bá omi lọ sí gọ́tà: ewé mẹ́rìndínlógún, ìdì òwú àràbà mẹ́ta.