Irin Kúkúrú Tó Wà Lẹ́yìn Ilé Mi

Ẹ bá mi yin Olúwa! Ẹ yìn ín lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí ìsìnkú ni à bá pè yín sí nílé mi, kì í ṣe ọpẹ́.

Aago mẹ́ta ku ogún ìṣẹ́jú ni, lọ́sàn-án Ọjọ́rú. A wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi: èmi, Tóyìn ọmọ mi tó pọn ọmọ tuntun, Akin oníwáyà, àti ọ̀gá tó wá láti Àkúrẹ́ láti yẹ iná ilé wò. Ìwé kan wà lórí tábìlì. Wọ́n ti na bíírò sí mi.

Ẹ̀yin ará mọ̀ pé n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ fara dà á fún mi lónìí.

Ilé amọ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni mo tún ṣe. Mo rẹ́ ẹ ní sìmẹ́ńtì, mo pààrọ̀ páànù rẹ̀, mo kọ́ balùwẹ̀ tuntun, mo fi ilẹ̀kùn onírin sí i. Nígbà tí iṣẹ́ ń lọ, àwọn oníná já wáyà wa lórí òpó. Wọ́n ní àwọn kò ní dá a padà àfi tí a bá gba ìwé-ẹ̀rí pé wáyà inú ilé dára.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà nígbà tí Tóyìn bímọ láìpé oṣù. Kí a tó kúrò ní ọsibítù, dókítà kìlọ̀ pé èémí ọmọ náà kò tíì lágbára, kò gbọdọ̀ máa fa èéfín àtùpà. Àtùpà náà la sì ń tàn. Bí ọmọ bá wúkọ́, Tóyìn á wò mí.

Akin ló ṣe wáyà ilé náà. Ọmọ àbúrò olóògbé ìyàwó mi ni. Ó mọṣẹ́, ṣùgbọ́n ìlú oníyẹ̀pẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Irin gígùn kan wà tí wọ́n máa ń rì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé, kí iná tó bá jò lè gba ara rẹ̀ wọlẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ni. Ẹ mọ ilẹ̀ Ìdànrè wa: bí a bá gbẹ́ ẹ díẹ̀, àpáta ni. Irin náà wọlé díẹ̀, ó kọ̀. Akin gbá a títí orí rẹ̀ fi fẹ̀ bí olú. Ó mú ayùn irin, ó gé èyí tó yọ sókè, ó rọ sìmẹ́ńtì bò ó. Ìṣojú mi ló ti ṣe é. Mo bi í bóyá kò ní sí nǹkan. Ó ní, "Bàbá, ta ló fẹ́ hú u wò?"

Mo dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ni ẹ̀ṣẹ̀ mi.

Ní Ọjọ́rú yẹn, ọ̀gá ti ka gílóòbù, ó ti wo mítà. Akin ti fọwọ́ síwèé, ó ku èmi. Ọ̀gá ní bí n kò bá fọwọ́ sí i lónìí, ó lè tó oṣù mẹ́ta kí òun tó tún yà sọ́dọ̀ wa. Akin tẹ̀ sí mi létí pé orúkọ mi lásán ni wọ́n ń fẹ́.

Mo ti lé lógójì ọdún kí n tó wọ ilé-ìwé àwọn àgbàlagbà láti kọ́ ìwé kíkà. N kò yára kàwé, n kì í sì í fọwọ́ sí ohun tí n kò kà. Mo ń fi ìka tọ́ ọ. Ọ̀gá wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ọmọ wúkọ́. Mo dé ìlà kẹrin: mo jẹ́rìí pé irin ilẹ̀ ilé yìí pé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà.

Ọmọ yẹn ni mo fẹ́ iná fún. Bíírò ti kan ìwé.

Mo gbé e sílẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, irin náà kò tó ẹsẹ̀ bàtà méjì. A gé e ni."

Akin ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ wá gba oúnjẹ lẹ́nu mi?" Tóyìn bú sẹ́kún. Ó ní ṣé inú èéfín ni ọmọ òun yóò wà fún oṣù mẹ́ta. Mo ní nínú ọkàn mi pé, Olúwa, mo ti sọ ọ́, ó kù sọ́wọ́ Rẹ.

Ọ̀gá jáde. A rò pé ó lọ nìyẹn. Ó padà wọlé pẹ̀lú àpótí kan tó ní ọwọ́ tí wọ́n ń yí bíi ti ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ń so ó mọ́ wáyà, ó ń yí i láti mọ ibi tí iná yóò ti jò, láti yàrá dé yàrá. Nígbà tó kan ilẹ̀kùn balùwẹ̀, ó dúró. Ó tún un yí. Ó ní kí Akin họ ògiri. Ìṣó tí wọ́n fi kan ilẹ̀kùn náà mọ́ ògiri ti gún wáyà.

Ó ní, "Bí iná bá dé, ara ilẹ̀kùn yìí ni yóò wà. Irin kúkúrú yẹn kò lè gbé e lọ. Ara ẹni tó bá fi ọwọ́ tútù dì í mú ni iná máa gbà kọjá." Ó wá kọjú sí mi. "Bàbá, ká ní ẹ ti fọwọ́ síwèé ni, ǹ bá má ti gbé ẹ̀rọ yìí jáde nínú ọkọ̀."

Balùwẹ̀ yẹn ni Tóyìn ti ń wẹ ọmọ láràárọ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ògo ni fún Ọlọ́run! Ògo ni fún Un!

Ọ̀gá ní òun yóò dúró di ìrọ̀lẹ́ bí a bá lè rí ibi tí ilẹ̀ jìn. A wá a yí ilé ká. Àpáta, àpáta. Lẹ́yìn ilé ìdáná àtijọ́, láàárín òkúta méjì, ni ìyàwó mi ti da eérú àti èèpo kòkó sí fún ọdún méjìdínlógún. Mo máa ń bá a jà pé ó ń sọ ẹ̀yìnkùlé wa di ààtàn. Akin ti irin tuntun bọ ibẹ̀. Ó gbá a, ó gbá a, irin náà wọlé tán. Akin tún wáyà balùwẹ̀ ṣe, ọ̀gá tún un wò, ó ní ó dára. Ìwé tí mo fọwọ́ sí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òtítọ́ ni. Lọ́jọ́ Ẹtì, iná dé, a pa àtùpà. Ọmọ ń sùn dáadáa.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ bá wa gbàdúrà. Ìwọ tí o wà nínú wàhálà, tí irọ́ kékeré kan ń ṣílẹ̀kùn fún ọ, má gba ibẹ̀ kọjá. Dúró. Olúwa kò ní pẹ́.

Ohun kan ló kù. Bí Akin ṣe ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú yẹn, ó ní, "Bàbá, kì í ṣe ilé yín nìkan ni mo ti gé irin o." N kò bá a wí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé kẹ̀kẹ́ mi, òun jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú òòlù rẹ̀, a lọ sí Aládé, sílé Àlhájì kan tó ń ta aṣọ. Àlhájì ṣílẹ̀kùn, tẹ̀súbáà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kí i. Mo ní, "Àlhájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ pa iná ilé yín ná."