Ọwọ́ Màmá Kọ́ Ló Bó Ojú Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, mo kí yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bèèrè orúkọ mi. Àlàbí ni màmá tí ọ̀rọ̀ yìí kàn máa ń fi oríkì pè mí, ẹ jẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀. Bábà ni mí, mò ń gẹ irun ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mi ò kàwé kọjá kíláàsì kẹta ní girama, bí ẹ bá rí àṣìṣe, ẹ fojú fò ó.

Ẹrù kan wà lọ́kàn mi tí mo ti ń gbé láti ọdún méjì. Mò ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, màmá yìí fẹ́ dìde níwájú ìjọ wa láti jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe. Èmi ni mo fà á. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀.

Irorẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kì í ṣe irorẹ́ kéékèèké tí àwọn ọmọge ń fi páúdà bò. Tèmi wú, ó ń ṣọyún, ó kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi méjèèjì dé ọrùn. Ẹ rò ó wò, bábà tí ojú rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Oníbàárà á jókòó, á wo ojú mi nínú dígí, á tún wo kílípà ọwọ́ mi. Ọkùnrin kan sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn pé, "Bábà, ṣé kílípà yìí náà lo fi ń gẹ ara ẹ? Jọ̀ọ́, lọ fi iná sun ún ná!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo délé, mo lọ sùn láìjẹun.

Nínú ìjọ tí wọ́n bí mi sí, a kì í lo oògùn. Ibà ni o, inú rírun ni o, omi àdúrà ni. Ìyá Àdúrà tó ń darí wa á gbàdúrà sí i nínú ike, a ó wá máa fi ìdérí ike náà mu ún, ẹ̀ẹ̀kan láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀kan nírọ̀lẹ́. Wọ́n ṣe tèmi. Mo mu ún fún oṣù mẹ́ta gbáko. Irorẹ́ ò gbọ́.

Mo bá gba Ìjagun lọ, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí, tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ mí. Obìnrin oníkẹ́mísìtì kan wo ojú mi, ó ní kí n lọ rí dókítà. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó fún mi ní kápúsù kan tí wọ́n ń pè ní dọ́ksì.

"Bọ̀dá, ẹ gbọ́ o," ló wí. "Omi ife kan gbáko ni kí ẹ máa fi lò ó. Ẹ má lò ó tán kí ẹ dùbúlẹ̀. Ẹ má dẹ̀ jẹ́ kí oòrùn pa yín, òun àti oòrùn kì í rẹ́."

Mo ní, "Àǹtí, ta ló ń sá fún oòrùn nílẹ̀ yìí?"

Ó ní, "Ẹ̀yin ni. Títí ẹ ó fi lò ó tán."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ohun tí mo ṣe. Omi àdúrà ni mo fi ń gbé kápúsù náà mì. Ìdérí ike kan ṣoṣo, kí ìyá mi má baà fura pé omi ń yára tán. Mò ń sọ fún ara mi pé tí ojú mi bá jinná, mi ò ní mọ èyí tó ṣe é nínú méjèèjì, torí náà kò ní jẹ́ irọ́. Kápúsù á há sí mi láyà, á máa jó mi bí ẹyin iná. Ọjọ́ mìíràn, bí mo bá ṣe jẹun tán ni èébì á máa gbé mi. Mo fara dà á.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ojú mi dán. Ìyá mi sunkún ayọ̀. Wọ́n pè mí síwájú ìjọ kí n wá jẹ́rìí. Mo gbé ike omi náà sókè, mo ní, "Omi yìí ni." Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Ìyá Àdúrà fi rọ́bà funfun ti ìjọ sí ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mi, ó ní n kò gbọdọ̀ bọ́ ọ. Bí mo ṣe dúró níbẹ̀, kápúsù wà nínú àpò ṣòkòtò mi.

Nígbà yẹn, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ń gbé lọ́dọ̀ wa, ní yàrá ẹ̀yìn. Òun ni Màmá tí mò ń wí. Bàbá mi ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo tí Màmá bí náà ti kú ní kékeré. Gàárì ló ń ṣe, ojúlówó gàárì Ìjẹ̀bú tó kan, tó gbẹ, tí ẹ bá bu omi tútù sí i, ara yín á balẹ̀. Èmi ni mo dà bí ọmọ fún un. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà, mo bá a lọ sóko rẹ̀ lọ́nà Ayépé láti wú pákí.

Láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀ la fi wà níbẹ̀. Mi ò dé fìlà. Mo ṣì ń lo kápúsù náà. Mo rántí ọ̀rọ̀ oníkẹ́mísìtì náà o, mo kàn tì í sẹ́yìn ni. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, Màmá dúró, ó wo ojú mi. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó rin fún omi pákí nu òógùn ojú mi, láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Ó ní, "Àlàbí mi! Ojú yìí mà ti dán ju tèmi lọ. Ṣé o ò ní bá mi pààrọ̀ ni?" A jọ rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, ojú mi ń ta bí ẹni fi ata rodo rà á. Lọ́jọ́ kẹta, ó wú, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Nígbà tó pé ọjọ́ márùn-ún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Mo jókòó síwájú dígí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sàn-án gangan, mo ti ìlẹ̀kùn. Mo di etí awọ kan mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, mo fà á díẹ̀díẹ̀. Ó bá mi wá látòkè délẹ̀ pẹ̀lú àwòrán ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi lára rẹ̀. Ó fúyẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Nígbà tí mo gbé e sí ìmọ́lẹ̀, mo rí ojú ihò irun lára rẹ̀. Ó ṣe mí bí ẹni pé ojú mi ń wò mí láti ọwọ́ mi.

Ẹ̀yìn ọwọ́ mi méjèèjì náà dúdú. Ibì kan ṣoṣo ni kò ṣe nǹkan kan, abẹ́ rọ́bà funfun ìjọ. Ibẹ̀ mọ́ tónítóní yí ọrùn ọwọ́ mi ká.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ rí i. Ó di ọwọ́ mi mú. "Ẹ wá wò ó! Ibi tí rọ́bà wà, kò lè débẹ̀!" Ó fà mí lọ bá Ìyá Àdúrà. Ìyá Àdúrà wo ojú mi, ó wo ọwọ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan péré ló bi mí. "Ta ló fọwọ́ kan ojú rẹ?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù fún mi níbí yìí. Òótọ́ ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ahọ́n mi. Ṣùgbọ́n tí mo bá dárúkọ oògùn, ìjẹ́rìí mi á di irọ́, ìyá mi á di ẹni yẹ̀yẹ́ nínú ìjọ tó ti wà láti ìgbà ọmọge rẹ̀. Mo wá sọ òótọ́ mìíràn tó burú ju irọ́ lọ. Mo ní, "Màmá ni."

"Kí ló sọ?"

Mo ní, "Ó ní kí n bá òun pààrọ̀ ojú."

Ìyá mi kàn rọra jókòó sílẹ̀.

Wọn ò na Màmá o. Wọn ò bú u. Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n ò jẹ́. Ìyá mi kàn dáwọ́ jíjẹ gàárì rẹ̀ dúró. Àwọn ará àdúgbò ò rà á mọ́. Tí àwọn ọmọdé bá ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, wọ́n á fọwọ́ bojú, wọ́n á sáré. Màmá á máa wò wọ́n, kò yé e.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, èékánná mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra kúrò lára ẹran. Kò dùn mí rárá, ohun tó bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Mò ń gẹ orí ẹnì kan lọ́wọ́, ni èékánná àtàǹpàkò mi bá ṣí sókè bí ìdérí agolo. Mo sáré lọ sí Ìjagun. Bí oníkẹ́mísìtì ṣe rí mi, ó kígbe.

"Oòrùn ni! Ṣé mi ò sọ fún yín? Oòrùn ló bá oògùn jà lára yín! Ẹ má lò ó mọ́, kí ẹ gba ọsibítù lọ lónìí."

Mo lọ. Ohun kan náà ni dókítà sọ. Ó ní kí n dá a dúró, kí n máa bo ara, á lọ. Ó ní ibi tí oòrùn ò bá rí kì í bó. Mo wo abẹ́ rọ́bà ọwọ́ mi, n kò lè gbójú sókè.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ní kí Màmá kó lọ sí ilé àtijọ́ ní Ayépé. Ọjọ́ mẹ́ta, mo sì ti mọ̀. Èmi ni mo gbé ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀. Ó na ọwọ́ láti súre fún mi lórí, ni ìyá mi bá figbe ta. Màmá yára fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Ó wá ń wo ọwọ́ náà bí ẹni tí kò rí i rí.

Ojú mi jinná. Èékánná mi hù padà. Wọ́n ní torí pé Màmá ti kúrò nílé ni.

Mi ò dé Ayépé fún odidi ọdún méjì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ránṣẹ́ pè mí, ó ní kí n mú kílípà dání. Ọ̀sán ni mo débẹ̀, oòrùn mú ganrín. Gbogbo fèrèsé ilé ló wà ní títì. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, ó ń bá ẹnì kan wí pé, "Sinmi. Mo ní kí o sinmi." Mo rò pé ọmọ ẹnì kan ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo yọjú, òun nìkan ló jókòó. Ó ti fi aṣọ funfun wé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dé ìgbúnwọ́. Ọwọ́ náà ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ó so igi gígùn mọ́ igbá tó fi ń yan gàárì, kí ọwọ́ rẹ̀ má baà sún mọ́ ọn. Òun nìkan ló sì ń jẹ gàárì náà.

"Àlàbí, dúró sọ́hùn-ún yẹn," ló wí. "Jẹ́ kí n wò ọ́. Ṣé ó ti jinná?"

"Ó ti jinná, Màmá."

"Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ o. Mo ti rò ó títí. Ọmọ tèmi, ọwọ́ yìí ni mo fi wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ tó kú. Bàbá rẹ, ọwọ́ yìí ló bu oúnjẹ ìkẹyìn fún un. Èmi ò mọ nǹkan kan. Ọwọ́ ló mọ̀."

Ó ní òun ti ránṣẹ́ sí Ìyá Àdúrà pé òun ń bọ̀ wá jẹ́wọ́ lọ́jọ́ Àìkú, kí ọwọ́ òun lè sinmi. Wọ́n ní kó fá orí rẹ̀ wá. "Ta ni mo tún ní láti fá a fún mi, bí kì í bá ṣe ìwọ?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi tán. Mo fá a. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀nà ọ̀fun mi, ó há síbẹ̀ bí kápúsù ọjọ́sí, ó ń jó mi. Orí rẹ̀ kéré lọ́wọ́ mi. Irun funfun rẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀. Adìyẹ kan ń bọ̀ wá ṣà á, ni Màmá bá pariwo. "Lé e! Lé e kúrò, kó má baà kú!" Ó ní kí n ṣa gbogbo irun náà pátá, kí n gbé e lọ.

Nígbà tí mo ń lọ, ó ní, "Ẹ̀rù mi ò bà ọ́?"

Mo ní, "Rárá, Màmá."

Ó ní, "Ọmọ dáadáa ni ọ́."

Irun náà wà nínú ọ̀rá lẹ́yìn dígí ṣọ́ọ̀bù mi báyìí. Mi ò lè dà á nù. Gbogbo ẹni tó bá jókòó kí n gẹ orí rẹ̀, mo máa ń rò pé ó ń rí i.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin. Tí mo bá lọ sọ fún Màmá ní kọ̀rọ̀, ṣé á gbà mí gbọ́, tàbí ọwọ́ tó ti ń bá sọ̀rọ̀ láti ọdún méjì ló máa gbà gbọ́? Tí mo bá dìde níwájú ìjọ kí ó tó la ẹnu, ojú á ti ìyá mi, bóyá kò ní pè mí lọ́mọ mọ́. Èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe? Ẹ̀yin àgbà tó wà níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.

Láàárọ̀ yìí mo dúró síwájú dígí, mo fẹ́ fi ẹnu ara mi sọ ọ́ ná kí n mọ bó ṣe ń dún. Ohùn mi ò jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ka èyí, kó bá mi sọ ọ́ sókè níbi tó wà, kó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹnì kan ná kó tó di ọjọ́ Àìkú: ọwọ́ Màmá ò ṣe nǹkan kan.