Oògùn Tó Ń Bó Mi Lọ́wọ́

Ẹ bá mi gbé ọpẹ́ yìí fún Jésù, ó ti wúwo jù fún èmi nìkan. Halelúyà!

Ẹ̀yin ará, wárápá ló ń ṣe mí. Ẹ má wojú ara yín, kì í ranni! Dókítà kan ní Ìdó fún mi lóògùn, gìrì náà sì dáwọ́ dúró. Kò pẹ́ ni àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, tí wọ́n ń ta mí bí ata, awọ ń ṣí bí èèpo ẹ̀pà yíyan. Bàtà ò ṣe é wọ̀ mọ́. Ìyá ọkọ mi ní mo tẹ nǹkan lóko, èmi náà sì gbà pé iṣẹ́ ayé ni.

Ohun tó dùn mí jù ni ibi gàrí wa lẹ́yìn ilé, ní Òmù yìí. Há, ayé ọjọ́un! Láàárọ̀, tí ìrì ṣì wà lórí koríko, a ó ti yí òkìtì ẹ̀gẹ́ ká, a ó máa bẹ ẹ́, a ó máa fi ọkọ ara wa ṣe yẹ̀yẹ́, títí ẹ̀rín á fi gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ wa. Bí gàrí bá gbóná lórí agbada, a ó bù ú sọ́wọ́ jẹ. Mo wá jókòó sójú fèrèsé, mò ń gbọ́ ẹ̀rín wọn. Àárò wọn fẹ́ẹ̀ pa mí!

Mo gbàdúrà, mo gbààwẹ̀. Àwọn kan ní kí n ju oògùn nù, pé àdúrà nìkan tó. Mo dá a dúró, ọwọ́ fẹ́ san, mo ní àdúrà ti gbà, ni gìrì bá gbé mi lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Jésù! Iwájú ò ṣe é lọ, ẹ̀yìn ò ṣe é padà sí.

Ìyá Ràmọ́tà, ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń bẹ ẹ̀gẹ́, ló fà mí kúrò nídìí iná. Mùsùlùmí ni, àmọ́ Olúwa ló rán an sí mi. Ó ní, "Kí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ulé yín kí ọwọ́ yìí tó bẹ̀rẹ̀?" Mo rò ó títí. Oògùn náà ni! Mi ò sì sọ ti ọwọ́ fún dókítà rí.

Dókítà wò mí, ó ní ara mi ni kò gba oògùn yẹn. Ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, ó ní n kò gbọdọ̀ fúnra mi dá a dúró mọ́. Gìrì ò padà wá, awọ tuntun sì hù.

Lọ́jọ́ tí mo padà síbi gàrí, ẹnikẹ́ni ò pariwo. Ìyá Ràmọ́tà kàn sún lórí pákó, ó na ọ̀bẹ sí mi: "Jókòó, ẹ̀gẹ́ pọ̀." Mo jókòó, mo sunkún.

Ẹ bá mi yọ̀! Ọwọ́ tí mo nà sókè yìí, ẹ wò ó dáadáa. Ti Jésù ni ògo rẹ̀.