Aṣọ Funfun Òpó Hilario

Ẹ̀yin ará Tripalhué, nígbà tí Don Celindo bá ń ka ìwé yìí sí yín létí nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ti sin mí tán. Òun gẹ́gẹ́ bí olórí àdúrà abúlé wa ló ń bá mi kọ ọ́, torí ọwọ́ mi ò lè di bírò mú mọ́. Ó kọ́kọ́ fẹ́ gbàdúrà fún mi kí n lè kú wọ́ọ́rọ́. Mo ní kó fi àdúrà sílẹ̀ ná. Èmi Ruperto Guineo ò yẹ lẹ́ni tó ń kú wọ́ọ́rọ́. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ kan mì, ó sì ti jẹ mí nínú ju àìsàn tí dókítà rí lára mi lọ. Òótọ́ gbọ́dọ̀ jáde lónìí, torí mi ò mọ̀ bóyá mo ní ọ̀la.

Gbogbo yín lẹ mọ iṣẹ́ tí mo ṣe. Èmi ni mò ń gun kẹ̀kẹ́ ṣáájú àwọn àlejò tó bá fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ yí erékùṣù wa ká, láti ibi tí ọ̀nà ọ̀dà ti parí títí dé ẹ̀yìn òkè, níbi tí kò sí nǹkan kan ju òkúta, ẹrẹ̀ àti ẹ̀fúùfù. Wọ́n á di àgọ́, ìkòkò àti aṣọ òjò sínú àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà méjèèjì, wọ́n á sì máa mí hẹlẹ lórí òkè. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn. Ìyìn tó wà nínú rẹ̀ ni mo tún fẹ́ràn jù. Kò sí ilé oúnjẹ tí mi ò ti fọ́nnu pé, "Ẹni tó bá tẹ̀ lé Ruperto kì í padà sẹ́yìn!" Ẹnu mi yìí ni. Ẹnu burúkú!

Hilario Nauto ni kompadre mi, torí èmi ni mo gbé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìsàmì. Ilé òun àti ìyàwó rẹ̀, Doña Etelvina, ló kẹ́yìn kí èèyàn tó dé àpáta ńlá tó yọrí sínú òkun, èyí tí a ń pè ní Imú. Ìjọba ò tíì la ọ̀nà orí òkè nígbà náà, etí òkun ni gbogbo wa ń gbà. Tí omi bá fà sẹ́yìn, wàá gba abẹ́ Imú kọjá lórí iyanrìn líle. Tí omi bá ń bọ̀, kò síbi tí wàá sá sí. Iṣẹ́ Hilario ni láti fa aṣọ funfun sókè lórí òpó iwájú ilé rẹ̀ nígbà tí ọ̀nà bá là, kó sì sọ ọ́ kalẹ̀ gbàrà tí omi bá yí padà. Bàbá rẹ̀ ló fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún un, kò sì ṣì í ṣe lẹ́ẹ̀kan rí. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: kò ṣì í ṣe lẹ́ẹ̀kan rí.

Nínú oṣù kejì, ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, Don Gastón wá láti Valparaíso, ìlú olókè, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, Noelia, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Ọmọ aláwàdà ni. Bá a ṣe ń gun òkè kẹta, ó ké sí mi pé, "Don Ruperto, ṣé òkè yín yìí lópin ṣá, àbí ẹ fẹ́ pa wá ni?"

Mo ní, "Ìwọ ọmọ Valparaíso! Ṣebí orí òkè ni wọ́n bí ẹ sí?"

"Òkè tiwa ní ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gùn ún, bàbá! Àwa ò ya wèrè!"

A rẹ́rìn-ín títí. Orúnkún ń dun bàbá rẹ̀, ó ń rọra ti kẹ̀kẹ́ bọ̀ lẹ́yìn. Ó ní ká máa lọ, òun á bá wa níwájú. Ó wá sọ fún mi pé, "Don Ruperto, ọmọ mi wà lọ́wọ́ yín o." Mo ní kó fọkàn balẹ̀.

Nígbà tá a sọ̀ kalẹ̀ dé etí òkun, òpó ṣófo. Hilario ti ká aṣọ náà jọ sí ìdí rẹ̀ bó ṣe máa ń ká a. Mo rí i. Don Celindo gbójú sókè níbí yìí, ó ní, "Ṣé kí n kọ ìyẹn náà?" Kọ ọ́. Kọ ọ́ gàdàgbà. Mo rí i.

Noelia náà rí i. Ó ní, "Ṣebí ẹ ní tí aṣọ ò bá sí lókè, ká má kọjá?"

Mo ní, "Hilario ti mu ọtí ápù yó ni, ó ti sùn lọ. Wo iyanrìn, ó ṣì gbẹ." Hilario tí kì í fẹnu kan ọtí! Ṣùgbọ́n tá a bá padà, a óò tún ti kẹ̀kẹ́ gun òkè tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀, ìròyìn á sì tàn kálẹ̀ pé Ruperto padà sẹ́yìn. Ìyẹn ló ká mi lára, kì í ṣe ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ.

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ọmọ mi, ta ló tẹ̀ lé mi rí tó padà?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Mo ní kó ṣíwájú, kí n lè máa ṣọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Irọ́ ni. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀nà dára kí n tó fi ara tèmi sí i. Ìgbì àkọ́kọ́ kan táyà rẹ̀ lásán, ó hó yè. Èkejì bì í ṣubú, kẹ̀kẹ́ àti gbogbo ẹrù rẹ̀ wó lù ú. Àwọn àpò ẹ̀gbẹ́ yẹn ti mumi, wọ́n wúwo, wọ́n sì há ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ń ké, "Don Ruperto! Ẹsẹ̀ mi! Ẹ gbà mí o!"

Mo sáré. Àmọ́ kì í ṣe ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sáré lọ. Okùn gígùn tí wọ́n fi ń yọ èèyàn nínú omi wà lára ògiri ilé Hilario, gbogbo wa la mọ ibi tó máa ń gbé e kọ́. Òun ni mo ní mo fẹ́ mú. Nígbà tí mo dé ìdí òpó, tí mo rí aṣọ tó ká jọ síbẹ̀, gbogbo ohun tó ń bọ̀ wá bá mi wá sí mi lọ́kàn: bàbá ọmọ, ọlọ́pàá, ẹnu ayé. Mi ò dé ìdí ògiri mọ́. Okùn aṣọ ni mo dì mú, mo sì fà á. Mo fa aṣọ funfun náà dé òkè pátápátá, mo so ó, lẹ́yìn náà ni mo tó lanu ké pé, "Ẹ gbà wá o! Hilario o!" Ọmọ yẹn ṣì ń pe orúkọ mi nígbà tí mò ń so kókó. Kókó méjì ni mo so. Kí ló dé tí ẹyọ kan ò tó mi? Ha, Ruperto, o ṣìkà!

Hilario sáré jáde láti oko ẹ̀yìn ilé, erùpẹ̀ ọ̀dùnkún kún ọwọ́ rẹ̀. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó já okùn lára ògiri, ó wọ omi dé àyà. Kẹ̀kẹ́ nìkan ló rí fà jáde. Ìgbà yẹn ni Don Gastón yọ, tó ń pariwo pé, "Aṣọ wà lókè! Ẹ ní tó bá wà lókè kò séwu!" Hilario yíjú padà, ó wo òpó. Ó wò ó pẹ́.

"Kompadre, ṣé mi ò sọ ọ́ kalẹ̀ ni? Mo rò pé mo ti sọ ọ́ kalẹ̀ kí n tó lọ sóko."

Mo ní, "O gbàgbé ni, kompadre. Kò sẹ́ni tí kò lè ṣẹlẹ̀ sí."

Ó bú sẹ́kún, ó kúnlẹ̀ níwájú mi nínú iyanrìn. "Dárí jì mí, kompadre. Mo ti ba ayé àwọn èèyàn yìí jẹ́, mo tún ba iṣẹ́ rẹ jẹ́." Mo sì dárí jì í. Èmi, Ruperto, ni mo dárí jì í!

Ọjọ́ kẹta ni òkun tó gbé Noelia padà wá. Ẹ̀yin náà mọ bí ẹ ṣe ṣe Hilario lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ yẹra fún un, ẹ ò jẹun nílé rẹ̀ mọ́. Ọdún kejì, ó ní òun ò lè máa wo omi yẹn mọ́, ó bẹ̀ wá pé ká kó màlúù wá bá òun wọ́ ilé pákó òun lódindi wá sí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, bá a ṣe máa ń ṣe fún ara wa. Wọ́n ti yọ fèrèsé, wọ́n ti ki igi bọ abẹ́ ilé. Doña Etelvina se oúnjẹ ogójì èèyàn. Ẹnì kankan ò lọ. Màlúù tèmi ló lágbára jù lábúlé yìí, mo so wọ́n mọ́lẹ̀, mo jókòó ti sítóòfù mi, mò ń mu tíì maté. Láti ọjọ́ náà, Hilario á jáde nígbà mẹ́wàá lóòjọ́ lọ wo òpó tí kò láṣọ mọ́. Ọdún kẹrin, ní àárọ̀ ọjọ́ òjò kan, ìyàwó rẹ̀ bá a nídìí òpó náà, ó ti gan, okùn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Iwájú pósí ni mo ti gbé e.

Ẹ sì wo obìnrin yẹn: oṣù mẹ́fà ló fi ń gbé ọbẹ̀ wá fún mi lórí ibùsùn yìí. Àná ni mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kò fi Don bọ̀wọ̀ fún mi, kò pè mí ní kompadre.

Ó ní, "Ruperto, mo rí i. Ojú fèrèsé ni mo wà kí n tó lọ kó koríko òkun, mo rí ọkọ mi tó sọ aṣọ náà kalẹ̀. Nígbà tí gbogbo yín ní aṣọ wà lókè, tí ìwọ fúnra rẹ sọ bẹ́ẹ̀, mo ní ọjọ́ mìíràn ni mo rí. Ọdún mẹ́rin ló fi ń bi mí, 'Etel, ṣé o rí mi bí mo ṣe sọ ọ́ kalẹ̀?' Èmi ni mo dá a lóhùn pé, 'O gbàgbé ni, Hilario. Jọ̀ọ́, má bi mí mọ́.' Ọ̀rọ̀ tí mo bá a sọ kẹ́yìn nìyẹn."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní màá rọ abúlé kí wọ́n kó màlúù mi, kí wọ́n wọ́ ilé náà wá sí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì níkẹyìn. Ó ní, "Igi abẹ́ rẹ̀ ti jẹrà. Tí ẹ bá fà á, á tú." Ó gbé abọ́ rẹ̀, ó lọ. Kò wá lónìí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń gun kẹ̀kẹ́ ṣáájú àlejò báyìí, tí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ kọ́kọ́ ké jáde kí ọwọ́ yín tó kan ohunkóhun. Èmi ò bẹ̀ yín fún ìdáríjì, mi ò mọ ẹni tí yóò bá mi bẹ Hilario. Ẹ ṣáà tú màlúù mi sílẹ̀, kí gbogbo yín lọ síbẹ̀, ọkùnrin, obìnrin, kí ẹ fa ilé yẹn, bó ṣe yẹ ká ti fà á lọ́jọ́ tó bẹ̀ wá. Bó bá tú, kó tú lójú gbogbo yín.