Lẹ́tà Tí Ìyá Zubaidah Kò Sọ

Ẹ má sọ pé kí n rọra sọ ọ́. Ẹ̀yin ará Akanran, ọdún méjì lẹ ti fi ń ṣépè fún ẹni tí kò ṣẹ̀. Kì í ṣe Zubaidah ni kò jẹ́ kí Yasir rí ìyá wọn kí wọ́n tó kú. Èmi ni, èmi Àbíkẹ́ oníkọ̀ǹpútà.

Ẹ mọ̀ pé inú ọkọ̀ ojú omi ni Yasir ti ń ṣiṣẹ́. Fóònù kì í sábà wọlé níbẹ̀, etí ìyá sì ti di. Ìyá ò mọ̀wé, Zubaidah ò mọ̀wé. Torí náà ni Ìyá Zubaidah ṣe ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Wọ́n á sọ̀rọ̀, màá tẹ̀ ẹ́, màá fi í ránṣẹ́ sí ímeèlì ọmọ wọn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ṣáá: ewúrẹ́ ti bí, òjò ti rọ̀, ṣé ó ń jẹun? Ó sú mi. Ẹ gbọ́ o, ó sú mi.

Ìgbà yẹn ni mo ń kọ́ ara mi ní Python, èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Mo kọ ìlà mọ́kàndínlógún. Mo fi àdírẹ́sì Yasir sí i, mo kó lẹ́tà mẹ́wàá sínú rẹ̀, mo ní kí ẹ̀rọ máa fi ọ̀kan ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní aago méjì ọjọ́ Jímọ̀. Mo kọ́kọ́ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ara mi láti dán an wò. Nígbà tó wọlé, mo jó yí ṣọ́ọ̀bù ká. Ọ̀bọ! Èmi tí n kì í gba ọ̀rọ̀ dídùn gbọ́, mo fi ọ̀rọ̀ dídùn mẹ́wàá sẹ́nu arúgbó: "Ara mi le koko, ọmọ mi. Má ṣe ìyọnu." Láti ọjọ́ náà, bí ìyá bá ń sọ̀rọ̀, iṣẹ́ ẹlòmíràn ni mo ń tẹ̀.

Oṣù mẹ́jọ kọjá. Lọ́jọ́ kan Zubaidah di ìyá mú wọlé. Wọ́n ní, "Àbíkẹ́, sọ fún Yasir kó máa bọ̀. Ẹsẹ̀ mi kò gbé mi mọ́. Mo fẹ́ rí i."

Mo ní, "Ó ti lọ, Màmá!" Kò lọ.

Lọ́sẹ̀ kejì wọ́n bi mí pé, "Kí ló wí?" Èsì wà níwájú mi: "Alhamdulillahi, Màmá, inú mi dùn pé ara yín le. Ó di Iléyá kí n tó wálé." Bí mo bá kà á, àṣírí tú. Mo pariwo sí wọn létí pé, "Ó ní òun ń bọ̀!"

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Olóorun ni. Kó má sùn lọ́nà o." Zubaidah lọ gbá yàrá Yasir, ó tẹ́ ẹní tuntun.

Ìlà méjì péré ni n bá kọ sí Yasir. Ìtìjú tèmi ni mo ń rò. Mo jẹ́ kí ìyá máa wo ẹnu ọ̀nà títí wọ́n fi kú lọ́jọ́rú.

Ọjọ́ Jímọ̀ pé, aago méjì lù, ẹ̀rọ ránṣẹ́: "Ara mi le koko." Ọjọ́ kejì ni ọkọ̀ Yasir gúnlẹ̀ tí fóònù pé ìyá ti kú tó bá a. Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ó na fóònù rẹ̀ sókè. "Ta ló ń kọ̀wé sí mi? Ṣé òkú ni?"

Zubaidah ní, "Màmá ní kó o máa bọ̀! Bi Àǹtí Àbíkẹ́!"

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Ibi tí mo ti burú jù nìyí. Mo ní, "Ohun tí Zubaidah bá ní kí n kọ ni mo ń kọ."

Obìnrin kan kígbe pé, "Torí ilé ni! Ó fẹ́ dá ilé jogún!" Ẹnikẹ́ni ò bi mí ní ìbéèrè kejì. Yasir kò tíì kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dòní.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Zubaidah fi ọmọ fọ́kọ. Yasir kò yọjú. Zubaidah dúró níwájú mi, ó ní, "Àǹtí Àbíkẹ́, ṣé ẹ ń rí oorun sùn?" N kò rí oorun sùn.

Zubaidah, bínú sí mi bó bá ṣe wù ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, ẹ má gbà bí ẹnìkan bá ní ẹ̀rọ ló ṣe é. Ohun tí mo ní kó ṣe ló ṣe. Yasir, lọ kan ilẹ̀kùn ẹ̀gbọ́n rẹ. Ọwọ́ ara mi ni mo fi tẹ èyí, ọ̀rọ̀ ìyá rẹ sì nìyí bí wọ́n ṣe sọ ọ́, ọdún méjì ló fi pẹ́: "Sọ fún Yasir kó máa bọ̀. Ẹsẹ̀ mi kò gbé mi mọ́. Mo fẹ́ rí i."