Ta Ni Ọ̀gá Ràfíà?

Fàtímọ̀, mo fẹ́ dáhùn ìbéèrè tí o bi wá nídìí oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan. O ní ta ni ọ̀gá Àǹtí Ràfíà, ìgbà wo ló máa ṣe fírídọ́ọ̀mù. Ràfíà ọmọ mi fúnra rẹ̀ ní kọ̀ǹpútà ni ọ̀gá òun. Ẹ gbọ́... kọ̀ǹpútà!

Nígbà tí èmi ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lẹ́yìn ọjà Akẹ̀sán, ilẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń gbá, ọdún kan gbáko, kí ọ̀gá mi tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan àlùmọ́gàjí. 'Jókòó, máa wò,' wọ́n á ní. 'Ẹni tí ò mọ oníbàárà ò mọ aṣọ.' Kí Ọlọ́run fi àlùjánnà kẹ́ wọn. Ta ló ń jókòó wo nǹkan lóde òní?

Ràfíà jáde yunifásítì l'Ógbómọ̀ṣọ́, ó gba yàrá sí àdúgbò Under G, ó ń ṣe áàpù orí fóònù. Ó ṣe èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń wá yàrá, kò gbérí. Ó tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Mo ní kó lọ ṣe tíṣà, ó ní kí n fún òun ní ọdún kan. Ọdún náà á pé lóṣù tó ń bọ̀.

Ló bá wálé wá ṣe ọ̀kan fún àwa aránṣọ, ká máa fi fóònù tọ́jú ìwọ̀n oníbàárà. Ìyá Ṣàkírà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kangun sí tèmi ló kọ́kọ́ dán an wò. Áàpù ní àfi kó kọ orúkọ oníbàárà àti ti bàbá rẹ̀. Àgbàlagbà tó lè bí i ló wá dáṣọ o. Ó wá ń bi wọ́n pé kí lorúkọ wọn. Màmá náà ká aṣọ wọn. Wọ́n ní, 'Ìwọ lo fẹ́ máa pè mí lórúkọ?'

Inú bí mi. 'Ràfíà, ọmọ Ọ̀yọ́ ni ọ́. Àbí o ò gbọ́ Ìyá Ìbejì rí?'

Ó ní bí fọ́ọ̀mù ṣe máa ń rí nìyẹn. Ṣé fọ́ọ̀mù ló bí i ni?

Àmọ́ lọ́jọ́ kejì, ó gbé àpótí ìjókòó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò ṣí kọ̀ǹpútà, ó ń wò. Ó rí i pé Ìyá Ìbejì márùn-ún ló wà nínú ìwé ìwọ̀n mi, àgékù aṣọ tí mo fi píìnì mọ́ ojú ìwé ni mo fi ń dá wọn mọ̀. Ló bá tún áàpù ṣe. Ya àwòrán aṣọ, kọ bí o ṣe ń pe ẹni náà, ó parí. Lánàá, Ìyá Ṣàkírà ní kó wá kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ òun náà.

N ò ní dárúkọ tíṣà mọ́. Ṣé ẹ rí i, ẹ̀yin ọmọ ìsìnyí, ẹ jókòó kí ẹ tó ṣe. Fàtímọ̀, ìdáhùn rẹ rè é: èmi ni ọ̀gá rẹ̀, n ò sì tíì fún un ní fírídọ́ọ̀mù...

Fàtímọ̀?

Ó ti sùn. Ràfíà náà ti gbórí lé kọ̀ǹpútà, ó ń hanrun. Kò sẹ́ni tó gbọ́.